Ẹ Má Jẹ́ Ká Fi Owó Ẹgbẹ́ Ra Ariwo

Àwọn tó wà ní ìpàdé ẹgbẹ́ tó kọjá á rántí pé mo nàwọ́ sókè nígbà tí wọ́n dá a lábàá pé ká fi owó tó wà nílẹ̀ ra áńpù gìtá oní-100 wáàtì fún ẹgbẹ́ akọrin wa. Alága ní àsìkò ti lọ, pé kí n kọ ohun tí mo fẹ́ sọ síbí. Ohun tí mo jókòó kọ nìyí. Ìpàdé tó ń bọ̀ la máa dìbò, mo sì fẹ́ kí ẹ ti kà á kí ẹ tó nàwọ́.

Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn: mi ò fara mọ́ àbá yẹn. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ ká ní áńpù. Èmi ni mo ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ wa, èmi ni mo sì máa kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ibi tí a ti ń ṣeré ló yẹ kó sọ irú áńpù tí a máa rà. Kò yẹ kó jẹ́ bí àpótí náà ṣe ga tó, tàbí bí àwọn ẹ̀ka yòókù ṣe máa wò wá. Owó yẹn, àwa náà la dá a. Àwọn kan nínú wa fi owó oúnjẹ san tiwọn.

Ohun tí ìyá àgbà sọ fún mi ní Kàbà

Ọdún kejì tí mo dé ilé-ẹ̀kọ́ yìí ni wọ́n pè wá síbi ìgbéyàwó kan ní Kàbà, ìlú mi. Gbọ̀ngàn ni wọ́n lò: òrùlé páànù, ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì, ògiri tí kò sí aṣọ kankan lára rẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ lè tó igba. Mo lọ yá áńpù oní-100 wáàtì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi kan, èyí tó ní sípíkà méjì nínú. Inú mi dùn gan-an. Mo rò pé èmi náà ti di ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa títí àwọn ìyá fi dìde láti kọrin fún ìyàwó ní ẹ̀ka èdè Owé wa. Mo ń bá wọn fi gìtá gbè é. Lójú tèmi, mò ń gbé orin wọn ga ni. Mi ò tíì ta á dé ibì kankan tí ìyá àgbà kan, tó máa tó ẹni ọgọ́rin ọdún, fi rọra rìn wá bá mi. Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká.

Ó ní, "Òkun o, ọmọ mi. Ṣé wàá jẹ́ ká gbọ́ ohun tí à ń sọ fún ọmọ wa?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, mà." Mo pa áńpù náà.

Àtẹ́wọ́ nìkan ni wọ́n fi parí orin yẹn. Kí wọ́n tó dé ìdajì rẹ̀ ni ìyàwó ti ń sunkún, ìyá rẹ̀ náà ń nu ojú. Èmi dúró síbẹ̀ pẹ̀lú gìtá lọ́rùn, ojú sì ń tì mí. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú orin yẹn, ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa sọ ọ́ fún ọmọbìnrin yẹn láyé rẹ̀, díẹ̀ ló sì kù kí n fi ariwo bò ó mọ́lẹ̀.

Àwa tí à ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa èdè ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ohùn ló ń sọ ìtumọ̀ fún wa: ọkọ kì í ṣe ọkọ́, ọkọ́ kì í ṣe ọkọ̀, ọkọ̀ kì í sì í ṣe ọ̀kọ̀. Kọ́ńsónáǹtì ló sì ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, apá ibi tí ohùn ti mú ṣáṣá, láàárín 2,000 sí 4,000 Hz, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà. Ibẹ̀ gan-an ni sípíkà gìtá ti máa ń le jù. Tí gìtá bá gba ibẹ̀ lọ́wọ́ akọrin, ẹni tó jókòó sẹ́yìn á mọ̀ pé orin dùn, ṣùgbọ́n kò ní mọ ohun tí orin sọ. Nínú orin tiwa, àdánù ńlá nìyẹn.

Kí ni wáàtì ń sọ fún wa?

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé wáàtì ni òṣùwọ̀n ariwo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Agbára tí áńpù lè tì sínú sípíkà ni wáàtì ń kà, etí wa kì í sì í gbọ́ agbára bí ẹ̀rọ ṣe ń kà á. Tí ẹ bá sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, bóyá 50 di 100, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 3 péré ló máa fi kún un. Etí máa mọ̀ ọ́n lóòótọ́, àmọ́ kò pọ̀. Kí ohùn tó ròkè dé ibi tí ènìyàn á fi sọ pé ó ti di ìlọ́po méjì, ó máa gbà tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 10. Ìyẹn ni pé wáàtì gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́wàá. Nítorí náà, tí sípíkà wọn bá jọra, áńpù oní-100 wáàtì kò dún ní ìlọ́po mẹ́wàá ti oní-10 wáàtì. Bíi ìlọ́po méjì lásán ni lójú etí.

Kí wá ni wáàtì púpọ̀ wúlò fún? Ohùn tó mọ́ ni. Tí ẹ bá ṣí áńpù kékeré dé òpin, ohùn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ya, á máa kùn. Àwọn tó ń ta orin rọ́ọ̀kì fẹ́ràn ìyẹn. Wọ́n tilẹ̀ ń wá a kiri. Ṣùgbọ́n gìtá jùjú àti ti háíláìfù gbọ́dọ̀ mọ́ kedere. Ẹ tẹ́tí sí orin King Sunny Ade dáadáa. Gìtá pọ̀ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, kálukú wọn ló ní ìwọ̀nba tó ń ta, ti ọ̀kan sì ń wọnú ti èkejì bí òwú ṣe ń wọnú ara lórí òfì. Tí gbogbo wọn bá ń kùn, aṣọ yẹn á di àkísà. Ìdí nìyí tí áńpù bíi Roland JC-120, tó jáde ní 1975, fi gbayì káàkiri ayé lọ́dọ̀ àwọn tó fẹ́ ohùn tó mọ́: wáàtì 120 tó ní jẹ́ kó lè ròkè láìya.

Ibi tí àwọn tó dá àbá ti ní ẹjọ́ rere nìyẹn, mi ò sì ní fi dù wọ́n. Áńpù oní-10 wáàtì kò tó fún wa, pàápàá tí onílù bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni. Ṣùgbọ́n láti 50 dé 100, mo ti sọ ọ́, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 3 ni. Ṣé ìyẹn tó ohun tí a ó tìtorí rẹ̀ ná gbogbo owó ẹgbẹ́?

Yàrá, gbọ̀ngàn àti pápá

Ibi mẹ́ta ni ẹgbẹ́ wa ti ń ṣeré. Ẹ jẹ́ ká wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àkọ́kọ́ ni yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, níbi tí a ti ń ṣe alẹ́ ewì àti ìdágbére àwọn tó ń jáde. Ogójì sí ọgọ́ta ènìyàn ni. Níbẹ̀, 10 sí 15 wáàtì tó, ó tilẹ̀ ṣẹ́ kù. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kí gìtá má ga ju ẹnu akéwì lọ. Tí akéwì kò bá lo máìkì, èmi náà kò gbọ́dọ̀ ṣí áńpù kọjá ibi tí ohùn ènìyàn lásán lè gùn ún lórí.

Èkejì ni gbọ̀ngàn, ọgọ́rùn-ún sí ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ènìyàn. Ibí ni wàhálà pọ̀ sí, nítorí gbọ̀ngàn máa ń tan ni jẹ. Tí a bá dé láàárọ̀ tí a tẹ gìtá wò, òfìfo ni gbogbo ibẹ̀. Ohùn ń kọlu ògiri, ó ń padà wá. Nígbà tí èrò bá dé tán, gèlè, agbádá àti ara ènìyàn á máa mu ohùn bí kànrìnkàn ṣe ń mu omi. Ohun tó dún gooro láàárọ̀ á wálẹ̀ lọ́sàn-án, onígìtá á sì sáré lọ ṣí áńpù sí i. Onílù á gbọ́, òun náà á fi kún un. Akọrin á máa pariwo. Kó tó di wákàtí kan, kálukú ti ń bá ara wọn jà. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: bí ìlù bá ń dún àdúnjù, ó fẹ́ ya ni.

Nínú irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀, 30 sí 50 wáàtì ti tó, tí a bá mọ ibi tí a máa gbé e sí. Apá òkè ohùn gìtá máa ń lọ tààrà bí iná tọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí áńpù bá wà nílẹ̀ lẹ́yìn mi, ojúgun mi ni mò ń ta gìtá fún. Èmi kò ní gbọ́ ara mi, mà á máa ṣí i lọ; ẹni tó jókòó níwájú, tí iná tọ́ọ̀ṣì yẹn ń tàn sí lójú tààrà, á máa di etí. Ẹ gbé áńpù lé orí àga, kí ẹ dà á sẹ́yìn díẹ̀ kó máa kọjú sí orí onígìtá, kí ẹ sì yí i kúrò lójú àwọn tó wà níwájú. Kò ná wa ní kọ́bọ̀, ó sì dára ju 50 wáàtì tí a fẹ́ lọ rà kún un.

Ẹ̀kẹta ni pápá. Ẹni ejò bá bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìyá àgbà yẹn, áńpù kékeré oní-10 wáàtì tí mo fi ń kọ́ṣẹ́ nínú yàrá ni mo gbé lọ nígbà tí wọ́n pè wá síbi àjọ̀dún kan ní pápá ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Kàbà. Àwọn tó wà ní ìlà kejì kò gbọ́ mi. Àbúrò mi, tó dúró lẹ́yìn lábẹ́ igi, sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun rò pé mo kàn ń ṣe bí ẹni tó ń ta gìtá ni.

Ẹ wo ìdí rẹ̀. Níta gbangba, kò sí ògiri tó máa dá ohùn padà. Ìgbàkígbà tí jíjìnnà yín sí sípíkà bá di ìlọ́po méjì, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6 ló ń lọ. Tí ohùn bá jẹ́ 100 ní mítà 2, á di 94 ní mítà 4, 88 ní mítà 8, 82 ní mítà 16, á sì ku 76 ní mítà 32. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èrò ti máa gbé e mì. Láti dá dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6 kan ṣoṣo padà, wáàtì gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Kí ẹni tó wà ní mítà 32 tó gbọ́ ohun tí ẹni tó wà ní mítà 2 gbọ́, ìlọ́po mẹ́rin yẹn máa wáyé lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ìyẹn 256. Áńpù oní-10 wáàtì mi á ní láti di 2,560 wáàtì! Tí ẹ bá sì ra oní-100, kò tíì sún mọ́ ibẹ̀ rárá. Ẹ̀yin ará, kò sí áńpù gìtá kankan tó lè bo pápá. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun tó gbà mí lọ́jọ́ yẹn ni ọmọkùnrin tó ń ṣe sáùǹdì. Ó wá bá mi lẹ́yìn orin kejì, kò bínú, kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé máìkì kan, Shure SM57 tó ti ha lára, síwájú sípíkà áńpù mi, ó kù bíi ìka méjì kó kàn án, ó sì padà sídìí míṣà rẹ̀. Orin kẹta bẹ̀rẹ̀, gìtá mi jáde nínú àwọn sípíkà ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé. Abẹ́ igi níbi tí àbúrò mi wà gbọ́ ọ. Áńpù kékeré yẹn kan náà ni o. Láti 1965 ni wọ́n ti ń ṣe irú máìkì yẹn, iṣẹ́ yẹn ni wọ́n sì ń fi í ṣe jù.

Ibi tí áńpù ńlá ti wá

Ẹnì kan lè bi mí pé, kí ló wá dé tí a fi ń rí ògiri áńpù lẹ́yìn àwọn olórin òyìnbó nínú fídíò àtijọ́? Ìtàn ló fà á. Láyé ìgbà yẹn, ohùn ẹnu nìkan ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn ibi ìṣeré sábà máa ń gbé. Gìtá gbọ́dọ̀ fi áńpù tirẹ̀ bo gbogbo ibẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1965, àwọn Beatles ṣeré ní pápá Shea Stadium ní New York níwájú èrò bíi 55,600. Áńpù Vox oní-100 wáàtì ni wọ́n gbé wá. Igbe àwọn ọmọbìnrin bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn olórin pàápàá kò gbọ́ ara wọn. Láàárín àkókò yẹn kan náà ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ The Who ní kí Jim Marshall ṣe áńpù tó lágbára sí i fún àwọn ní London, tí Marshall oní-100 wáàtì sì jáde. Wọ́n ṣe é nítorí kò sí ọ̀nà mìíràn. Lónìí, ọ̀nà mìíràn wà: máìkì kan, wáyà kan, míṣà kan. Ìdí tí wọ́n fi ṣe áńpù ńlá ti kọjá, ìrísí rẹ̀ ló kù lójú wa.

Ìtàn tiwa tilẹ̀ dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú orin jùjú, Ayinde Bakare ni wọ́n sọ pé ó kọ́kọ́ fi iná sí gìtá, ní 1949, pẹ̀lú máìkì kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara gìtá náà. Ẹ wo ohun tí ìyẹn mú wá. Ṣáájú rẹ̀, ohùn okùn kò lágbára, nítorí náà ìlù kò gbọdọ̀ pọ̀. Nígbà tí iná dé, gìtá àti ohùn ẹnu lè dúró pẹ̀lú ìlù púpọ̀. Ẹ ò rí i pé àwọn bàbá wa kò fi áńpù lé ẹnikẹ́ni kúrò nídìí orin. Wọ́n fi ṣe àyè fún àwọn tó kù ni. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀ka wa ra nìyẹn: àyè.

Ọ̀rọ̀ iná, ọ̀rọ̀ ẹrù

Àwọn tó dá àbá kò sọ ohunkóhun nípa iná, bẹ́ẹ̀ gbogbo wa la mọ bí iná ṣe rí. Tí NẸ́PÀ bá mú un lọ láàárín orin, jẹnẹrétọ̀ ló kù. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní "I better pass my neighbour" kò lè gbé tó kìlówáàtì kan. Wọ́n á so máìkì mọ́ ọn, wọ́n á so gílóòbù mọ́ ọn, ẹnì kan á tún ti so fáànù mọ́ ọn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Wáàtì tí wọ́n kọ síwájú áńpù, èyí tó ń tì sínú sípíkà ni. Èyí tó ń fà lára iná pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti ṣeré níbi tí áńpù ń lọ sókè sódò pẹ̀lú ohùn jẹnẹrétọ̀. Kò dùn létí.

Tokunbọ̀ tún wà. Áńpù tó ti Amẹ́ríkà wá lè jẹ́ ti 120 fóòtì, 230 sí 240 sì ni tiwa. Ọ̀rẹ́ mi kan ra ọ̀kan lọ́pọ̀, inú rẹ̀ dùn, ó so ó mọ́ iná láìwo ẹ̀yìn rẹ̀. Òórùn jíjóná ni a gbọ́ ká tó gbọ́ gìtá. Ohunkóhun tí a bá rà, kí ẹnì kan ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ wa.

Àwọn kan dárúkọ áńpù oní-fáàfù, èyí tó ń lo gíláàsì bíi gílóòbù nínú. Òótọ́ ni pé ohùn rẹ̀ dùn, oní-15 wáàtì rẹ̀ sì lè bá oní-30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí kò lo fáàfù dọ́gba létí. Ṣùgbọ́n gíláàsì ni o. Ọ̀nà láti Ọ̀bájáná sí Kàbà ti di kọnkéré, mo gbà, àmọ́ ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ń pè wá sí ní Ìjùmú, ní Ìyàgbà àti ní Bùnú, ibi tí ọ̀dà parí sí ni ìrìn wa ti ń bẹ̀rẹ̀. Tí fáàfù kan bá fọ́ lójú ọ̀nà, mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń tà á ní ọjà Kàbà.

Ẹ má gbàgbé ìwúwo. JC-120 tí mo dárúkọ yẹn máa ń tó kìlógíráàmù 28. Ẹ fojú inú wò ó lórí ọ̀kadà, kí èmi náà sì jókòó lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú gìtá.

Etí wa náà ń kọ́? Àwọn onímọ̀ ìlera ní etí lè fara da dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 85 fún wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́. Ìgbàkígbà tó bá fi 3 kún un, àkókò yẹn dín sí ìdajì. Tó bá fi dé 100, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù. Onílù wa àti àwọn ọmọbìnrin tó ń gbe orin ló máa dúró síwájú áńpù yẹn fún wákàtí mẹ́ta, kì í ṣe àwọn tó dá àbá.

Ohun tí èmi dá lábàá

Kí ẹgbẹ́ ra áńpù kan tí kò lo fáàfù, 40 sí 50 wáàtì, pẹ̀lú sípíkà kan oní-12 ìǹṣì, èyí tó ní ojú ibi tí a lè ti fa wáyà lọ sídìí míṣà. Kí a ra máìkì kan fún gìtá, pẹ̀lú ìdúró rẹ̀ àti wáyà tó gùn dáadáa. Kí a ra sítábíláísà tó máa dáàbò bò ó. Kí a fi owó tó bá kù ra máìkì méjì tó dára fún àwọn akọrin. Níbi tó bá jẹ́ pápá, kí ẹni tó pè wá yá ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti ẹni tó mọ̀ ọ́n lò; kí a fi sínú àdéhùn kí a tó gbà láti lọ.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa fi dá mi lóhùn. Wọ́n á ní ká ra ńlá, ká máa ṣí i díẹ̀. Ó ṣeé ṣe lóòótọ́, ṣùgbọ́n a ó ti san owó ohun tí a kò lò, a ó sì máa rù ú kiri. Èmi tí mo ti ní 100 wáàtì lẹ́yìn rí sì lè sọ fún yín pé ọwọ́ onígìtá kì í ní sùúrù lórí bọ́tìnnì.

Wọ́n á ní, tí a bá débi tí kò sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńkọ́? Tó bá jẹ́ gbọ̀ngàn, 50 wáàtì á gbé wa dé ilé. Tó bá jẹ́ pápá pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún ènìyàn, ohùn akọrin fúnra rẹ̀ kò ní dé ìlà kẹta. Kí ni a fẹ́ kí gìtá lọ dá ṣe ní ìlà ogún?

Wọ́n á tún ní àwọn ẹ̀ka yòókù á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Ẹ̀ka tiwa ni ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ni pé ọ̀rọ̀ ṣe pàtàkì. Tí wọ́n bá wá síbi eré wa tí wọ́n gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ inú orin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n máa mọ irú ẹ̀ka tí a jẹ́.

Kí ó má baà dà bí ẹni pé ẹnu lásán ni mò ń fi sọ ọ́, mo ti bẹ ẹ̀gbọ́n mi yẹn kó tún yá mi ní áńpù ńlá rẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀, lẹ́yìn kíláàsì ìkẹyìn, mo máa gbé e wá sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa pẹ̀lú oní-40 wáàtì kan. Ọ̀kan nínú àwọn akọrin wa á wá kọrin láìlo máìkì. Kí ẹni tó bá fẹ́ dìbò fún 100 wáàtì jókòó sí ìlà ẹ̀yìn pátápátá, kó mú bírò àti ìwé dání, kó kọ ọ̀rọ̀ orin náà sílẹ̀ bó ṣe ń gbọ́ ọ. Ìwé yẹn ni kó mú wá síbi ìpàdé.